Wọ́n Ní Kí N Dúró Dìgbà Ọlidé

Wọ́n ní kí n yé kó ọmọ kúrò ní iléèwé lọ gbafẹ́ láàárín táàmù, kí n dúró dìgbà ọlidé. Ṣùgbọ́n ọlidé àwọn ọmọ iléèwé kì í ṣe ọlidé télọ̀. Bí iléèwé bá ti tì nínú oṣù Kejìlá ni aṣọ Kérésì àti aṣọ ẹbí ìgbéyàwó máa ń kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, tí àwọn ọmọṣẹ́ mi á máa sùn lórí àgékù aṣọ. Bí ọdún Àjíǹde ṣe rí nìyẹn, bí Ìléyá ṣe rí nìyẹn. Ti ọlidé gígùn ló wá burú jù: nínú oṣù Kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun á kó àwọn ará Èkó àti ará òkè òkun wọ̀lú, oníkálukú á fẹ́ rán àǹkárá tuntun, wọ́n á sì fẹ́ gbà á lọ́la. Kí ìyẹn tó rọlẹ̀, àsìkò yunifọ́ọ̀mù á ti dé, torí ìparí oṣù Kẹjọ ni gbogbo òbí máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ṣòkòtò ọmọ àwọn ti kúrú.

Ìgbà tí ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ ni ìparí oṣù Kìíní wọ oṣù Kejì. Owó ti tán lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀rọ ń sùn, mo lè ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Àárín táàmù kejì sì nìyẹn. Ìgbà náà ni mo máa ń kó ìyàwó mi, àkọ́bí mi obìnrin tó wà ní JSS2, àtàwọn ìbejì tó wà ní pírámárì, lọ gbafẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì ti fojú winá irú àwọn òbí bí tèmi.

"Bàbá Ìbejì, bí o bá kó wọn dé, ta ló máa kọ́ wọn ní ohun tí a ti kọ́ kọjá? Ìwọ tí ò ń rán agbádá?"

Wọ́n ní ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdá nínú ìṣirò, ẹnu tíṣà lásán ló máa wò títí táàmù á fi parí. Wọ́n ní tẹ́ẹ̀sì tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, òdo ni, òdo náà ni wọ́n sì máa rò pọ̀ mọ́ ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, máàkì tẹ́ẹ̀sì máa ń tó 30 tàbí 40 nínú 100. Wọ́n ní àwọn ọmọ yòókù ń wò. Bí ọmọ télọ̀ bá lọ lónìí, ọmọ alákàrà á fẹ́ lọ lọ́la. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ ìdá yẹn gún mi lára, torí mo mọ̀ pé Táíwò ò fẹ́ràn ìṣirò rárá.

Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n ń ṣe òkú àgbà níwájú iléèwé yín, ọmọ mélòó ló jókòó sí kíláàsì?" Wọ́n kọ́kọ́ wò mí, kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní Òṣogbo níbí, ta ló ń kọ lẹ́tà sí iléèwé torí ìnáwó òkú? Bàbá àgbà kú ní Ìkìrun, ọmọ ò lọ sí iléèwé ní Ọjọ́bọ̀, kò lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó yọjú lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú abọ́ ike tí wọ́n ya àwòrán olóògbé sí, tíṣà á sì béèrè pé tòun dà. Ìkómọ ní Ẹdẹ, Ìléyá ní Ìwó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ní kí o fẹ́ kó ọmọ lọ wo òkun! Wọ́n á ní o ti lówó. Wọ́n á ní o fẹ́ ba ọmọ jẹ́.

Òfin wà lọ́dọ̀ tiwa náà o. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí iléèwé, ìbáwí lásán ni nígbà àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Nígbà kejì, N2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. N2,000! Ẹ fi ra síìpù àti òwú lónìí, kí ẹ wá sọ iye ṣéńjì tí ẹ gbà fún mi.

Ìlú Ọba ni wọn ò ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní Birmingham pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì. Ní 2024, ó ti hàn pé ara bàbá wọn tó wà ní Òkè-Baálẹ̀ kò le mọ́, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wá kí i. Owó ọkọ̀ òfurufú nínú oṣù Kẹjọ, apá wọn ò ká a. Ti oṣù Kẹwàá ni wọ́n lè san. Iléèwé ní rárá. Àbúrò wa ló là mí lóye: láti 2013 ni òfin Íńgílándì ti yọ ìgbafẹ́ ẹbí kúrò nínú ohun tí ọ̀gá iléèwé lè torí ẹ̀ fún ọmọ láyè, àfi bí ọ̀rọ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀, ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀ ló sì máa sọ èyí tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Bàbá kan láti Isle of Wight, tó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Florida, bá wọn ṣe ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù lọ. Ní 2017, wọ́n borí rẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n wá. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó ń ta ayò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń nà wọ́n, ó ń pè wọ́n ní ọ̀pè, àwọn náà ń pe bàbá ní ọ̀pè pẹ̀lú ohùn òyìnbó, gbogbo àgbàlá ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe padà, ìwé ìtanràn dé: £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí á di £160 bí ọjọ́ 21 bá kọjá. Òbí méjì, ọmọ méjì, £320. Wọ́n san án.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá kú. Wọ́n tún kọ̀wé sí iléèwé kan náà. Kíá ni wọ́n fún wọn láyè, wọ́n tún fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́.

Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò fèsì. Wọ́n kàn ní kí n má jẹ́ kí ìrẹsì tútù.

Àwọn kan máa ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ fún iléèwé pé ìrìn àjò ẹ̀kọ́ ni. Irọ́ ni. Ìgbádùn ni mo bá lọ. Nígbà tí a lọ sí Àgbádárìgì, ohun tó wu àwọn ìbejì jù ni ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn dé Èkó. (Rélùwéè ti dé Òṣogbo láti 1907, ṣùgbọ́n ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 yìí kò tíì kọjú sí wa.) A wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 yẹn, tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A wọ ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ẹni tó ń mú wa kiri sì ní agbòòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà fún 40 ènìyàn. Àkọ́bí mi bi í pé kí ni ẹni tó ta èèyàn ń fi agbòòrùn ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbejì? Orí igi àgbọn lojú wọn wà. Nígbà tí a máa fi gba orí ọ̀sà lọ sí etíkun, àwa nìkan la wà nínú ọkọ̀ ojú omi, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, inú oṣù Kejì. Ọlọ́kọ̀ dín owó fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi, tí kò rí ìjókòó láti oṣù Kọkànlá torí òun ló ń bá mi ta bọ́tìnnì, bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sínú yanrìn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun. Ta ni mo fẹ́ parọ́ ẹ̀kọ́ fún?

Mi ò sì ń sọ pé ibà ń ṣe ọmọ. Mo mọ ẹnìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ibà ń ṣe wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń ròyìn omi òkun fún gbogbo ayé. Lẹ́tà ni mo ń kọ. Ọ̀sẹ̀ tí ọlidé àárín táàmù wà nínú rẹ̀ ni mo ń mú, kí Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì lè jẹ́ ti wọn tẹ́lẹ̀, mo sì ń béèrè ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì kí n tó bá ọlọ́kọ̀ kankan sọ̀rọ̀. Ti ìdá yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ Táíwò fúnra wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pẹ̀lú èébú.

Lọ́dún yìí, Ìdànrè ni àwọn ìbejì mú. Wọ́n fẹ́ ka àtẹ̀gùn orí òkè náà, tó lé ní 600. Èmi ò mọ̀ bóyá orúnkún mi gbọ́ sí ètò yẹn. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ìyá tó ni iléèwé sì pè mí lánàá.

"Bàbá Ìbejì, mo ti rí lẹ́tà yín. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọjọ́ àṣà wa ń bọ̀ nínú oṣù Kẹta, àwọn tíṣà mi sì fẹ́ rán ìró àti bùbá..."

Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ní kí wọ́n kó aṣọ náà wá kí a tó gbéra, kí n lè gé e sílẹ̀. Owó iṣẹ́ ni a ò tíì fẹnu kò lé lórí.