Ọdún Tí N Ò Lọ Ibì Kankan

Lóṣù Kìn-ín-ní, mo kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo máa ń kọ òṣùwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí pé: "Ọdún yìí ni mò ń lọ." N ò kọ ibi tí mò ń lọ sí i, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ti wà ní Kánádà láti bí ọdún mẹ́ta, gbogbo ìwé tèmi náà sì ti ń tò. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan, màmá mi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, eegun ìbàdí wọn dá. Ọ̀rọ̀ lílọ parí síbẹ̀.

Mo wá jókòó láti ṣírò ọdún mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lóṣù Kẹjọ, orí mi wú lọ́jọ́ náà. Mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń wé etí aṣọ, tòkunbọ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó aṣọ ẹbí òkú kan ṣì wà níta. Iná ò dúró. Lóṣù Kẹwàá, màmá mi fi ọ̀pá rìn dé ìdí máńgòrò, wọ́n sì padà wọlé láìjẹ́ pé mo dì wọ́n mú. Èmi sì wà ní Ìkéré, lábẹ́ Òkè Olóṣùnta tí wọ́n bí mi sí, tí gbogbo ẹni tó bá wálé ọdún ń kí mi tán tí wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé ìwọ ò tíì lọ ni?"

Ìwé kan ló bá mi gbé ọdún yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà tí màmá ṣì wà lórí ìdùbúlẹ̀. Legends & Lattes lorúkọ rẹ̀. Travis Baldree, ará Amẹ́ríkà kan tó ti ń fi ohùn rẹ̀ ka ìwé ẹlòmíràn fún àwọn tó ń gbọ́ ọ, ló kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022, kí ọdún náà sì tó parí, ilé ìtẹ̀wé ńlá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìwé náà gan-an pé ìtàn abàmì ni o, àmọ́ ohun tí wọ́n ń dù níbẹ̀ ò ga. Obìnrin jagunjagun kan ló wà nínú rẹ̀, Viv, irú iwin kan tó síngbọnlẹ̀, tí eyín rẹ̀ yọ síta bíi ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Idà ló fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ó pa ẹranko burúkú kan, ó yọ òkúta tó wà lórí rẹ̀, ó fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ra ilé ẹṣin àtijọ́ kan nílùú Thune, ó sì sọ ọ́ di ilé kọfí. Nílùú tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọfí! Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé ò jùyẹn lọ.

Mo ń kà á, mo ń retí ìgbà tí ogun máa dé. Ìwé Fágúnwà ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ìwé kíkà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Èyí tó wà nílé wa ò ní èèpo mọ́. Lójú tèmi, kò tíì sí ẹni tó mọ Yorùbá kọ bíi Fágúnwà, màá sì tún un kà lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń yára ṣí kọjá. Ọjọ́ tí Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ń gbéyàwó gan-an ni Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, débẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó gbà. Ìyàwó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, kò fi í sílẹ̀. Kàkó fi àdá ṣá a, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin yẹn ń dí akọni lọ́nà. Lọ́dún yìí mo padà síbẹ̀, mo fara balẹ̀ kà á, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé mo pa ìwé dé. Kí ló fẹ́? Kí ọkọ rẹ̀ dúró ti òun nílé ni.

Nínú ìwé Viv, ẹni tó ní òun ò lọ mọ́ ni ìtàn tẹ̀ lé. Ohun tó mú mi mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, mò ń bẹ iṣu, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá mi ní, "Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

Mo ní, "Obìnrin kan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù, mà. Kò sẹ́ni tó wá."

"Kí ló ń tà?"

"Kọfí, mà. Àwọn ará ìlú ò mu ún rí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ó ti fún wọn tọ́ wò?"

Ohun tí Viv padà ṣe gan-an nìyẹn: ó bù ú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá mi ta gàrí fún ogójì ọdún ó lé, wọ́n mọ ohun tí èènì ń ṣe fún ọjà. Wọ́n ní, "Gbé uṣu yẹn kaná, kó o wá máa kà á fún mi."

Bí ìwé kíkà alaalẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mò ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú, mò ń sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Eku kan wà níbẹ̀ tó mọ búrẹ́dì ṣe, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń ká ìyẹ̀fun bí òṣùká, tó ń fi èròjà olóòórùn dídùn sáàárín rẹ̀. "Eku? Nínú ìyẹ̀fun?" Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí màmá tó gbà fún un. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba owó ààbò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Viv ì bá fa idà yọ, ó kúkú wà lára ògiri. Kò fà á. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ jókòó, àdéhùn sì wá di pé búrẹ́dì olóṣùká yẹn ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn ọmọ ìta náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà kan lọ̀gá yẹn! Màmá mi pàtẹ́wọ́. Lálẹ́ tí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà, màmá mi ò jẹ iyán wọn tán. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sùn, mo kà á títí dé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ tí Viv ti ní ti bá a gbé e dìde padà, fóònù mi sì kú.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé báyìí ò ní nǹkan nínú, pé ìjà dà, ewu dà. Mo gbà pé kò wà fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé igbá ọjà sórí rí, tó sì gbé e wálé bó ṣe wà, ẹ má sọ fún un pé ọ̀rọ̀ bóyá oníbàárà á wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìwé náà tún hú nǹkan jáde. Bàbá màmá mi ní igi kọfí díẹ̀ létí oko kòkó wọn. Màmá rántí bí wọ́n ṣe ń ká a, tí wọ́n ń sá a, tí ẹni tó ń rà á ń wá gbé e lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì tọ́ ọ wò rí. Mo lọ sí Adó lóṣù Kọkànlá, mo ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, mo sè é, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Màmá mi gbé ife náà símú, wọ́n di ojú. Wọ́n mu ún, wọ́n fajú ro: "Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀." Mo bu mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà sí i. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n yí ife náà po lọ́wọ́, wọ́n ń wo ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí bàbá mi ń rù wálé nìyí." Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé báyìí, wọ́n á béèrè rẹ̀.

N ò tíì pa ohun tí mo kọ lóṣù Kìn-ín-ní rẹ́, n ò sì mọ̀ bóyá màá tún un kọ. Lánàá, ọyẹ́ bo Olóṣùnta débi pé a ò rí orí rẹ̀, a jókòó sínú ilé. Mo sọ fún màmá pé ẹni tó kọ ìwé Viv tún kọ òmíràn ní 2023, pé Viv ṣì kéré nínú èyí, wọ́n ṣe é léṣe lẹ́sẹ̀ lójú ìjà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan létí òkun kí ẹsẹ̀ náà lè jinná, ibẹ̀ ló ti bá ilé ìtàwé kan pàdé.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀pá ló fi ń rìn."

Màmá mi fa ọ̀pá tiwọn kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e lé orí itan. "Ó yá, bẹ̀rẹ̀."