Lógò «Àjàshɛ́»: ẹyọ, ìdajì ẹyọ

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lógò ṣọ́ọ̀bù télọ̀ la gbé ka iwájú lónìí. Wọ́n fẹ́ kó jọ ti ayé 1970: àwọ̀ ọsàn, lẹ́tà kìbìtì. Fọ́ǹtì àtijọ́ tí èèyàn ń rí wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní Ɛ (bí a ṣe ń kọ Ẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀), àmì ohùn á sì dà bí àlejò lórí rẹ̀. Ó sàn ká kọ́ lẹ́tà náà fúnra wa.

Josef Albers ti Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, fi irú ẹyọ mẹ́ta péré to lẹ́tà ní nǹkan bí 1926: igun mẹ́rin dọ́gba, ìdámẹ́rin òbìrípo, òbìrípo odidi. Méjì àkọ́kọ́ tó wa. Ìdámẹ́rin òbìrípo tiẹ̀ bá orí fèrèsé ilé àwọn Àgùdà níbí mu. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹyọ 3, ó ga ní 5; ìbú igun mẹ́rin kan ni ẹyọ kan. S gba igun mẹ́rin 7 àti ìdámẹ́rin òbìrípo 4, kò sì yọni lẹ́nu.

Ɛ ló le. Fi igun mẹ́rin nìkan kọ́ ọ, E lo kọ yẹn. Yọ ẹyọ àárín lápá òsì kúrò pátápátá, ọ̀pá àárín á kan ìyókù ní ṣónṣó igun lásán: lójú kọ̀ǹpútà ó lẹ̀ mọ́ra, bí ọ̀bẹ bá gé e, ó bọ́ sílẹ̀. Ìdajì ẹyọ náà ni kó kù, lápá ọ̀tún. Igun mẹ́rin 8, ìdámẹ́rin òbìrípo 2 fún igun òsì lókè àti nísàlẹ̀, ìdajì 1. Òfin ẹyọ ti yẹ̀ níbẹ̀, kó yẹ̀.

Àmì ohùn: là igun mẹ́rin ní ìdábùú, kí o lo apá kan. Fi àlàfo ìdajì ẹyọ sí abẹ́ rẹ̀. Gíga lógò di 6.5. Ẹ onítóótó ì bá fi 1.5 kún un nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àlífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ tó fún wa ní Ɛ náà ló ní ká kọ «sh», H sì jẹ ẹyọ 4 ní ìbú, àlàfo rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́tà mẹ́fà jẹ́ 18, àlàfo márùn-ún jẹ́ 5. Òkè J ṣófo lápá òsì, àlàfo tó wà láàárín òun àti À àkọ́kọ́ á wá fẹ̀ jù lójú. Gé e sí ìdajì. Ó di 22.5. Bí ẹyọ bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà 10, orúkọ á gùn ní 225, á sì jókòó dáadáa sórí pákó pílááyì 122 sí 244. Èyí tó kù nísàlẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù.

Kó o tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé autocollant (sítíkà), lọ sí Chemin nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, yan Union kó so gbogbo ẹyọ pọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á gé igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lára aṣọ, ẹyọ tó bá kéré sí mìlímítà 2, ìnkì á dí ojú ìdajì inú Ɛ. Ẹ má kọ orúkọ odidi síbẹ̀ mọ́, Ɛ ńlá kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí ọrùn ẹ̀wù.