Ẹ́ńjìnì tó wà lábẹ́ tapólì

Òtútù Colorado àárọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín àtijọ́ kan ni mo wà. Bàbá àgbà àdúgbò wa fẹ́ tà á, ó ní kí n bá òun wo iye tó tó. Ẹsẹ̀ ṣéènì mẹ́rin dípò táyà. Tó bá fẹ́ yà, iwájú àtẹ̀yìn ló jọ ń yí. Tucker Sno-Cat nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Medford ní Oregon. Mo ha gíríìsì dídì kúrò lára irin pẹlẹbẹ kan, nọ́ńbà yọ.

Ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ford V8! Wọ́n ti yọ ti Chrysler tó bá ọkọ̀ náà wá. Ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ á fìyẹn ná an wálẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹni tó kàn fẹ́ fi gun òkè ò ní bínú, torí páàtì Ford ò wọ́n.

Bàbá wúkọ́: "Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ tapólì."

Háà! Bàbá, ẹ ò sì tètè sọ!