Ẹ má fi ọmọ kan ṣoṣo sá gbogbo eré

Ọmọ tó bá lè sáré jù ni wọ́n máa ń fìyà jẹ jù lọ́jọ́ inter-house. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn, ohun tí mo sì ń rí lọ́dọọdún náà ni mo ń sọ. Wọ́n á kọ orúkọ ọmọ yẹn sí mítà 100. Wọ́n á kọ ọ́ sí 200. Wọ́n á ní kò sí ẹlòmíì tó lè sá 400, wọ́n á tún kọ ọ́ síbẹ̀. Á fò sínú iyẹ̀pẹ̀. Tó bá kan rílè, òun ni yóò gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú 4×100, òun náà ni wọ́n á tún máa bẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí 4×400 bá kù. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: mítà 1,200 ni eré àsápajúdé nínú oòrùn ọjọ́ kan, láìtíì ka ti fífò mọ́ ọn.

Ọmọ náà ò sì ní kọ̀. Ọmọ ọdún 14 wo ni gbogbo Yellow House ń pariwo orúkọ rẹ̀, tí yóò sọ pé ó ti rẹ òun? Àgbà ló yẹ kó bá a sọ ọ́.

Ojú mi ni ọmọbìnrin kan ní JSS 3 ṣe ṣubú. Ó ti gba ipò kìíní ní 100 àti 200, ó ti fò, ó ti parí 4×100 fún ilé rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, máàkì ilé rẹ̀ àti ti Red House wá ṣe déédéé, ni wọ́n bá ní kó tún bọ́ síta fún 4×400. Ó dé kọ́nà tó kẹ́yìn, ó ṣàdédé gbá ẹ̀yìn itan mú, ó sì lulẹ̀. Àwọn kan ṣì ń kígbe pé kó dìde, kó parí ẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan ló fà ya. Ife-ẹ̀yẹ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé bàbá rẹ̀ wá síléèwé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ọmọ òun ò ní sáré mọ́. Kò sì sáré mọ́ títí tó fi jáde níwèé mẹ́wàá. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́ nìyẹn.

Ara ọmọ kì í ṣe ara àgbà. Egungun ọmọ ọdún 13, 14, 15 ṣì ń ga, ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun ìbàdí ò sì tíì gbó. Tí iṣan tó ti rẹ̀ bá fà á lójijì, ibẹ̀ ló máa ń já. Mítà 400 ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, nítorí pé èémí ọmọ ò lè bá agbára tí ẹsẹ̀ ń ná mu. Ẹni tó bá sá a tinútinú kò tún yẹ kó sá ohunkóhun láàárín wákàtí kan. Ẹ wo Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Ode-Lẹ́mo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni ọdún 28 ni nígbà tó sá 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ní Atlanta lọ́dún 1996, tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíńpíìkì. Ọdún 28! Bí àwọn tó kọ́kọ́ rí i bá ti lò ó tán ní JSS 3, ta ni ì bá sá eré yẹn?

Òfin tí mo ń lò báyìí kò gùn. Eré méjì fún ọmọ kan, àti rílè kan. Ẹni tó bá sá 400 kò gbọ́dọ̀ sí nínú 4×400. Àwọn olórí ilé bínú sí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, wọ́n ní mo fẹ́ kí àwọn pàdánù. Mo ní kí wọ́n bá mi ka máàkì. Máàkì tí wọ́n ń fún ẹni tó ju ọ̀kọ̀ jìnnà jù, iye kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tó kọ́kọ́ dé ní 100, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta péré ló máa ń jáde wá ju ọ̀kọ̀. Bákan náà ni ti bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n ń jù, bákan náà ni ti fífò sókè. Máàkì wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣà á, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn wà lórí eré sísá.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo ń rí lẹ́yìn kíláàsì, tó ń fi òkò já máńgòrò. Òkúta kan, máńgòrò kan. Kò lè sáré rárá, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ tí inter-house bá ti ń bọ̀. Mo gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́. Lọ́dún yẹn ó gba ipò kìíní, lọ́dún kejì ó lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa níbi ìdíje ìjọba ìbílẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà yín. Àwọn tó ga tí wọ́n ń tijú, àwọn tó tóbi tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ tó ń gbé omi wá sílé láti ìsàlẹ̀ òkè kí ó tó wá síléèwé. Ẹ wá wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí hiiti, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa sá lọ́jọ́ náà, bá ń lọ. Ẹ sì rántí pé góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní Òlíńpíìkì, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti jáde: Chioma Ajunwa ló fo mítà 7.12 ní Atlanta 1996. Bẹ́ẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí rílè, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ tí kò yára jù lè borí ọmọ tó yára jù. Àwọn ilé kan á kó ọmọ mẹ́rin tó yára jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á fún wọn lọ́pàá, ó parí. Ọ̀pá á bọ́ sílẹ̀ ní kọ́nà kejì. Ilé tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn á fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ò nílò ọ̀pá tí wọ́n rà. Ẹ gé páìpù omi ní bí sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti tó. Nínú 4×100, ẹni tó fẹ́ gbà á kì í wẹ̀yìn: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sá tí ẹni tó ń bọ̀ bá dé ibi àmì tí wọ́n ti fi sí ilẹ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tó bá gbọ́ "Gbà!", á sì dúró de kí wọ́n fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni kejì gbà á lọ́wọ́ òsì, ẹni kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni kẹrin lọ́wọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ ọwọ́ lójú ọ̀nà. Nínú 4×400 ẹ̀wẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó ń bọ̀ ti rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa sá dé. Àyè tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá nínú 4×100 ti di mítà 30 láti ìparí ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ilà rẹ̀ ṣì wà ní mítà 20. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wá bá yín sá rílè, ẹ bi ẹni tó fa ilà náà léèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lé àwọn ọmọ yín jáde.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ mi pé ní Barcelona 1992, àwọn ọkùnrin wa gba fàdákà nínú 4×100, àwọn obìnrin gba idẹ. Olapade Adeniken wà nínú àwọn ọkùnrin yẹn, Mary Onyali wà nínú àwọn obìnrin. Ènìyàn mẹ́rin ló pín iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun mìíràn tó ń ba eré jẹ́ ni ìdúró nínú oòrùn. Ìwọ́de aago mẹ́wàá á di aago méjìlá nítorí pé alága ayẹyẹ ò tíì dé. Ọ̀rọ̀ ìkíni, ìfilọ́lẹ̀, ìdáwó, gbogbo rẹ̀ dára, kí àwọn olóyè àti àwọn òbí jókòó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ sáré lọ jókòó sábẹ́ igi. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn tí kò ní sáré ló máa ń wọ́de fún ilé wọn, wọ́n sì ń fi í yangàn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti gulúkóòsì náà wà ńbẹ̀. Ẹ ó rí ọmọ tó da ìyẹ̀fun gulúkóòsì sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń lá a nígbà tí fèrè fẹ́ fọn. Òùngbẹ ló máa fi gbẹ ẹ́, á sì jókòó sí i nínú. Eré ìṣẹ́jú-àáyá 15 kò nílò ṣúgà ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Ohun tó jẹ ní àná àti ní òwúrọ̀ ló fi ń sá. Ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà díẹ̀ ní aago méje, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn náà, kí ó sì máa mu píọ́ wọ́tà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀bà tàbí iyán kí eré ọjọ́ náà tó parí kò bójú mu. Aboniki tí wọ́n ń fi pa itan kò sì lè dípò kí ọmọ rìn, kó sá díẹ̀díẹ̀, kó gbé orúnkún sókè fún bí ìṣẹ́jú 15 kó tó bọ́ sójú ilà. Awọ ara ni ó ń gbóná, iṣan inú ṣì tutù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òtítọ́ nípa jínótáìpù ọmọ yín fún olùkọ́ eré. Ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ SS lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níwọ̀n, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé nínú ooru, láìmu omi tó, lè dá ìrora burúkú sílẹ̀ fún un, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ máa ń tètè dìpọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ti ọmọ tó ní ikọ́ fée náà, kí ẹ̀rọ tó fi ń fa oògùn sẹ́nu (inhaler) wà lọ́wọ́ olùkọ́, kì í ṣe nínú báàgì rẹ̀ ní kíláàsì tí wọ́n ti tì pa.

Bàbá kan fi fóònù wọn eré ọmọ rẹ̀, ó ní ó sá 100 ní 10.9, pé òun ti ń wá ẹni tó máa mú un lọ Amẹ́ríkà. Pápá tí wọ́n fi ẹfun fa ilà rẹ̀ lálẹ́ àná, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, kò lè sọ òtítọ́ eré ọmọ fún wa. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá 12.06 nínú ìdíje àṣekágbá họ́dù, eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi kọjá, ní Eugene ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó tì í lẹ́yìn ju mítà 2.0 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré tó yára jù lágbàáyé. 12.12 tó sá kó tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kọ. Òun náà kàwé ní yunifásítì ní El Paso, ní Texas. Olùkọ́ sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó ti ìwé rẹ̀, àwọn tó ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun á béèrè èsì ìdánwò rẹ̀.

Tí iṣan bá fà ya lórí pápá, ẹ má fi omi gbígbóná ra á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Píọ́ wọ́tà tó ti di yìnyín, tí ẹ fi aṣọ wé, ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹsẹ̀ sókè, ó sì tó. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí hiiti ilé ẹ̀kọ́ yín bá ń bọ̀ nínú sáà yìí, ẹ ní kí olórí ilé ọmọ yín fi àtẹ orúkọ hàn yín. Bí orúkọ ọmọ bá wà níbi tó ju mẹ́ta lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pa ọ̀kan rẹ́, kó fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ má lọ bínú bá a; òun náà ń wá máàkì fún ilé rẹ̀, bóyá kò tíì rí ọmọ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò.