O Tún Ti Ń Dúró Dè É

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, 2025

Mo ń ṣa ata rodo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé kan ní Bissonnet lọ́sàn-án òní nígbà tí màmá kan wá dúró tì mí. Wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo wa la sì ń gbọ́ ọ. Ata ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á yí i wò, wọ́n á fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀ bóyá ó ti ń rà, kí wọ́n tó jù ú sínú ọ̀rá. Àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́ lójijì, wọ́n wá ní: "O tún ti ń dúró dè é. Má purọ́ fún mi. O tún ti ń dúró dè é."

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni. Kò kàn mí rárá. Àmọ́ ata bọ́ lọ́wọ́ mi, torí ńṣe ló dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bá a bọ̀ mọ ohun tí mò ń dúró dè. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, Rockets, ẹgbẹ́ basketball wa níbí ní Houston, á kojú Warriors nílé wa, Toyota Center, nínú playoffs, ìdíje àṣeyọkúrò tó ń kẹ́yìn sáà. Ọwọ́ Warriors náà la tún bọ́ sí.

Iṣẹ́ alẹ́ lọ dáadáa. Mo sùn, mo ra ata, mo se ọbẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ọjọ́ òní.

Mò ń yí gbólóhùn yẹn lẹ́nu láti ọ̀sán bí ẹni ń jẹ orógbó. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni "tún" yẹn. Ká ní màmá náà sọ pé "o ń dúró dè é" ni, kò sí wàhálà. "Tún" ló ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, pé wọ́n ti nu omijé ọmọ yẹn rí, pé ọmọ náà ti búra rí. Èmi náà búra ní 2018.

Warriors lé wa kúrò nínú playoffs ní 2015, wọ́n lé wa ní 2016, wọ́n tún lé wa ní 2019. Ṣùgbọ́n ti 2018 ló wà lára mi. Sáà yẹn, ìgbà 65 la borí. Nígbà tó ku eré kan ṣoṣo tó máa pinnu láàárín àwa àti Warriors, Chris Paul, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ wa, ti fara pa, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì fi àmì 54 sí 43 ṣáájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta 27 la jù léra léra lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí ẹyọ kan ò wọlé. Nílé wa. 101 sí 92 ni wọ́n fi nà wá. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Mo sì mú un ṣẹ. Ní 2021 tí wọ́n pàdánù ìgbà 20 tẹ̀lé ara wọn, abọ́ ni mo ń fọ̀ ní tèmi. Sáà yẹn, ìgbà 17 péré ni wọ́n borí nínú 72. Èyí tó tẹ̀lé e, 20 nínú 82. Lẹ́yìn náà, 22. Ara mi balẹ̀. Mi ò retí nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí Ime Udoka dé bíi kóòṣì, ó di 41. Lọ́dún yìí, 52, àwa la wà nípò kejì nínú àwọn ẹgbẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Akwa Ibom, níbi tí bàbá Udoka ti wá, ló sọ fún mi pé sùúrù ni wọ́n ń pè ní "ime" lédè wọn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi.

Ìgbà wo gan-an ni mo padà bẹ̀rẹ̀? Bóyá ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, tí a fi àmì kan ṣoṣo na Warriors, 91 sí 90, lẹ́yìn tí wọ́n ti nà wá ní ìgbà 15 léra. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí àwọn aláìsàn má baà jí. Tàbí ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, tí Amen Thompson wa ò jẹ́ kí Curry, ìràwọ̀ Warriors, mí. Curry! Àmì 3 péré ní gbogbo alẹ́.

Tàbí kó jẹ́ ẹsẹ̀ Sengun, agbábọ́ọ̀lù wa, ni. Bó bá ti kẹ́yìn sí apẹ̀rẹ̀, á sún èjìká sọ́tùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á tẹ̀ lé èjìká, ẹsẹ̀ á ti yí sósì. Bí mo bá ti rí i báyìí, ojú bàbá mi ni mò ń rí. Bí Hakeem Olajuwon ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ tan ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìyẹn. Àwòrán rẹ̀ tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn ló wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Mushin. Ọmọ Èkó tí Rockets mú ní 1984, ṣáájú Michael Jordan pàápàá. Ní 1986 ó dé àṣekágbá, Boston gbà á. Ó di 1994 kó tó gba ife. Ọdún 10! Bàbá mi ń ka ọdún náà bí ẹni ń ka ọdún ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì. Super Eagles na Bulgaria 3 sí 0 ní Dallas, ọjọ́ kejì Rockets na Knicks ní Houston. Bàbá mi ò sùn, wọn ò sì jẹ́ ká sùn.

Mo mọ̀ pé Sengun kì í ṣe Hakeem. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí nìkan.

Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Warriors ti ní Jimmy Butler, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù, báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n na Memphis 121 sí 116, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mò ń bẹ Ọlọ́run kí Memphis borí, kó má baà jẹ́ Warriors la máa bá pàdé. Bí mo bá gba àwọn ọmọ wa gbọ́, kí ni mò ń bẹ Ọlọ́run nítorí Memphis fún? Sengun, Green, Thompson, Jabari Smith, kò sí èyí tó ti gbá playoffs rí nínú wọn. Òní ni ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi dáadáa. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí 27 ń kọjá. Wọn ò ní "tún" kankan lọ́rùn. Èmi ni mo ní in, mo sì fẹ́ gbé e lé wọn lórí...

Ọmọ màmá yẹn pẹ́ kó tó fèsì. Mo ti ń lọ síbi ìsanwó, mo rọra ń rìn kí n lè gbọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ní ẹ̀wà olóyin níbẹ̀?" Màmá náà mí kanlẹ̀, wọ́n sì lọ wo ẹ̀wà.

Jẹ́sì 34 bàbá mi, nọ́ńbà Hakeem, wà lórí àga níbí. Nọ́ńbà 3 rẹ̀ ti ń bó, ọwọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ìsìn Àjíǹde láàárọ̀, bọ́ọ̀lù ní 8:30 alẹ́. Mo ti bẹ ẹnìkan pé kó bá mi ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí ló dé. Mo ní mò ń retí àlejò.