Àwòrán Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Àwọn Òtẹ́ẹ̀lì Ńlá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ tiwa yìí, iṣẹ́ ká máa yan àwòrán àti ère sínú òtẹ́ẹ̀lì, ó pẹ́ ni, ó yá ni, wọ́n á rán yín lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan ní ìlú ńlá kan, kí ẹ lọ wo bí àwọn ẹlòmíì ṣe ṣe tiwọn. Inú yín á dùn, ó sì yẹ kó dùn. Bẹ́ẹ̀dì á rọ̀, aṣọ ìnura á nípọn, wọn á máa kí yín káàbọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni ilé. Ẹ tètè gbádùn ìyẹn tán lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ sanwó yàrá.

Ohun tó yé mi ni pé iṣẹ́ ọnà inú òtẹ́ẹ̀lì kì í jókòó lásán. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ni, bí wọ́n ṣe gba ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà. Torí àwòrán ni wọ́n ṣe ń kọ́ mùsíọ́ọ̀mù. Torí oorun ni wọ́n ṣe ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, àwòrán kàn bá wọn débẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé ta ló yà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń ṣe níbí. Ère gíga tó dúró sáàárín gbọ̀ngàn àbáwọlé, ẹ wo bó ṣe ya èrò sọ́nà méjì: àwọn tó ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ gba apá kan, àwọn tó ń lọ jẹun gba apá kejì, kò sì sẹ́ni tó júwe ọ̀nà fún wọn. Àwòrán aláwọ̀ títàn tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ló ń fa ẹsẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀ síwájú. Ẹ fọkàn yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ wò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún á di ti ilé ìwòsàn.

Nínú òtẹ́ẹ̀lì 21c tó wà ní Louisville, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2006, àwọn ère pẹ́ńgúìnì pupa kan wà tí kì í dúró lójú kan. Wọ́n ń gbé wọn kiri. Ẹ lè ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí ẹ bá ọ̀kan tó dúró síwájú yàrá yín. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Èmi ò gbà. Ère tó lè mú kí àlejò méjì tí ò mọra wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀ ti jẹ owó oṣù rẹ̀ tọ́tọ́.

Ẹ tún máa wádìí ẹni tó sanwó, àti ohun tó fi san án. Ní òtẹ́ẹ̀lì Carlyle ní New York, Ludwig Bemelmans yàwòrán yí ara ògiri ilé ọtí kan ká ní 1947: ọgbà Central Park ní ìgbà kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún, ehoro tó ń gbádùn ara wọn lábẹ́ igi, erin tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Kò gbowó. Òtẹ́ẹ̀lì fún òun àti ẹbí rẹ̀ níbùgbé fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì Chelsea nílùú yẹn kan náà, Stanley Bard tó jẹ́ máníjà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń gba àwòrán lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tí owó ilé bá wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ó dùn ún gbọ́ bí ìtàn, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọdún kan ààbọ̀ ni Bemelmans fi rí ilé gbé. Ilé ọtí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì ń pawó títí dòní. Ẹ fi èyí sọ́kàn lọ́jọ́ tó bá kàn yín láti kọ ìwé àdéhùn fún ayàwòrán. Ẹ bá a béèrè ohun tó máa kàn án bí àwòrán náà bá di ohun tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ wá.

Ohun kan wà tí òtẹ́ẹ̀lì ní tí mùsíọ́ọ̀mù ò ní: àyè láti pẹ́ lọ́dọ̀ àwòrán kan ṣoṣo. Wọn ò ní lé yín jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sáré ká gbogbo ilé. Ẹ mú ẹyọ kan, pàápàá èyí tó wà nínú yàrá yín, kí ẹ wò ó láàárọ̀, ní ọ̀sán, àti nígbà tó bá ku iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀ ló ti wò ó. Ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz ní Paris, àwòrán kan wà nínú yàrá tí Coco Chanel, gbajúmọ̀ tó ń ṣe aṣọ oge, gbé, tí àwọn èèyàn pàtàkì ń wọlé tí wọ́n ń jáde níwájú rẹ̀ láìbìkítà. Ìgbà tí wọ́n ń múra láti tún òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ṣe ní 2012 ni àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé Charles Le Brun ló yà á, ní 1647, kó tó di ayàwòrán ààfin ọba Faransé. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan euro, mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ti New York ló sì gbé e lọ. Ojú ló pọ̀ lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Bí èmi ṣe máa ń wò ó nìyí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń pa gbogbo iná yàrá, máa wá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ìhà gba ojú àwòrán kọjá. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ló yà á, ọ̀dà tó ga á ní òjìji tirẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti yí padà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ àwọn kan gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà tí kò láwọ̀ lé e lórí kó lè dà bí ojúlówó. Ẹ tẹ̀ lé ipa búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Tí ipa rẹ̀ bá ń lọ sápá ọ̀tún nígbà tí ẹ̀ka igi inú àwòrán ń lọ sápá òsì, àṣírí ti tú. Tí ẹ bá rí 12/50 tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà kejìlá nínú àádọ́ta ni. Ìyẹn ò kúkú burú, oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fọwọ́ sí i. Ẹ má fa férémù o. Wọ́n ti fi irin dè é mọ́ ògiri láti ẹ̀yìn.

Àwọn tó ń tún yàrá ṣe ló mọ àwòrán ilé náà jù. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ, ìyá kan tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló sọ fún mi pé òun máa ń fa kọ́tìnnì yàrá mi dé lọ́sàn-án, torí oòrùn ti jẹ ìsàlẹ̀ àwòrán ara ògiri. Mo wò ó, òótọ́ ni: àwọ̀ búlúù òkè ṣì dúdú, tìsàlẹ̀ ti di eérú. Orí bébà ni wọ́n yà á sí. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé iṣẹ́ orí bébà ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró yà lè gbà tó 200. Ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ń gba ìlọ́po-ìlọ́po rẹ̀. Ẹni tó gbé e kọ́ síbẹ̀ kàwé, ó sì gboyè. Ìyá yẹn ló rí i. Ẹ kí wọn, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ má ṣe bí ọ̀gá.

Ẹ má sì rò pé ẹ ó bá a níbẹ̀ nígbà mìíràn. Òtẹ́ẹ̀lì ló ni ín, òtẹ́ẹ̀lì lè tà á. Ní 2013, òtẹ́ẹ̀lì Palace ní San Francisco gbé àwòrán kan tí ayàwòrán Maxfield Parrish yà, tó ti wà nínú ilé ọtí wọn látọdún 1909 sọ̀kalẹ̀ láti tà á. Ariwo àwọn ará ìlú ló mú kí wọ́n gbé e padà. Kò sẹ́ni tó pariwo tó bẹ́ẹ̀ ní Las Vegas ní 2021, nígbà tí wọ́n lu iṣẹ́ 11 tí gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà Picasso ṣe ní gbàǹjo nínú Bellagio, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń wò wọ́n látorí tábìlì oúnjẹ. Owó tó wọlé ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò, àmọ́ ẹ má lo iná fúláàṣì tí ẹ bá ń yà á. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tó wà, bó ṣe ga tó sílẹ̀, fèrèsé tó kọjú sí i, àti ohun tó wà nínú ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá padà lọ tí ẹ bá nǹkan míì lójú ẹ̀, ẹ béèrè ibi tó lọ, kí ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ ọn.