Ẹ wá yí Jamaica Pond ká lábẹ́ igi

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Boston, oòrùn sọ́mà ti ń jó wa báyìí, tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa na ẹsẹ̀ tí orí ò ní gbóná, Jamaica Pond ni kẹ́ ẹ lọ o. Ọ̀nà tó yí adágún yẹn ká ò ju nǹkan bíi máìlì kan àtààbọ̀ lọ, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, màmá àgbà tó ń ti ọmọọmọ ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ gan-an lè yí i ká.

Ibi tí wọ́n ti ń yá ọkọ̀ ojú omi ni mo sábà máa ń gbà wọlé. Ariwo mọ́tò láti Jamaicaway máa ń pọ̀ lápá ibẹ̀, kò dáa rárá, àmọ́ ẹ ṣáà máa lọ, ẹ jẹ́ kí omi wà lọ́wọ́ òsì yín, kẹ́ ẹ tó dé abẹ́ òkè Pinebank igi á ti bo orí yín, atẹ́gùn orí omi á máa fẹ́ sí yín lára, ara á tù yín débi pé ẹ ò ní rántí fóònù.

Ibẹ̀ ò fìgbà gbogbo rí báyìí o. Wọ́n dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ ní 1795 tó ń fa omi ẹ̀ lọ sí Boston, páìpù onígi ni wọ́n lò, ìtì igi tí wọ́n lu ihò sí nínú! Nígbà tó yá àwọn oníyìnyín ń gé yìnyín níbẹ̀ nígbà òtútù láti tà, àwọn olówó náà kọ́lé sétí omi. Kó tó di 1900 ìjọba ìlú gba ilẹ̀ yẹn, Frederick Law Olmsted tó wà lára àwọn tó ya Central Park ní New York ló ṣètò ẹ̀ di páàkì. Lónìí kò sí géètì, kò sẹ́ni tó ń gbowó. Èmi tí mo dàgbà l'Ékòó, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń da yanrìn sétí ọ̀sà tí wọ́n á sì mọ fẹ́ǹsì yí i ká, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, ó yẹ kí etí omi jẹ́ ti gbogbo wa.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ṣá, wọn ò gbà, ó jìn ju 50 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Yìnyín gàgàrà tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ ló yọ́ tó di kòtò, omi abẹ́ ilẹ̀ wá kún un.

Bọ́ọ̀sì 39 máa já yín sí tòsí. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, torí tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èrò ti pọ̀ jù.